Inú Ń Run, Àyẹ̀wò Kò Rí Nǹkan: Níbo Ni Ìdáhùn Wà?

Ẹni tí inú ti ń run fún ọ̀pọ̀ oṣù, tó ń gùfẹ̀ lẹ́yìn òkèlè mẹ́ta, tí inú rẹ̀ ń wú ní ìrọ̀lẹ́, tí ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ń le lónìí tó sì ń ṣàn lọ́la, kì í pẹ́ tí ìwé àyẹ̀wò fi ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ti ìgbẹ́ àti ti ìtọ̀ wà níbẹ̀, sikáànì náà wà níbẹ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: kò sí nǹkan. Síbẹ̀ inú kò dákẹ́. Ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìrònú ló ń dà á láàmú, òun náà á sì máa bi ara rẹ̀ léèrè bóyá irọ́ ni ara òun ń pa. Irọ́ kọ́. Báwo wá ni inú ṣe lè máa run ènìyàn lóòótọ́ kí àyẹ̀wò má rí ohunkóhun, ọ̀nà wo sì ni ìdáhùn lè gbà yọ?

Ní Ọ̀fà Garage, níbi tí ọkọ̀ tó ń jáde ní Ìlọrin lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ọ̀fà ti ń kó èrò, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba ìdáhùn mẹ́ta kí oòrùn tó kan àtàrí. Oníkẹ́míìsì á ní ọ́sà ni, ìyẹn ọgbẹ́ inú, á sì fún un ní oògùn tó ń pa omi kíkan. Ìyá alágbo á ní jẹ̀dí ni, á bu agbo fún un. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò á ní taifọ́ọ̀dù ni, á tilẹ̀ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí ìwé. Kò sí èyí tí kò lè jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn. Ohun tó ń ṣini lọ́nà ni pé orúkọ ti ṣáájú ìbéèrè: wọ́n ti sọ àrùn lórúkọ kí wọ́n tó gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Taifọ́ọ̀dù ló rọrùn jù láti fi ṣàpẹẹrẹ. Àyẹ̀wò Widal, tí wọ́n fi orúkọ Fernand Widal, ará Faransé tó gbé e jáde ní 1896, pè, kì í wá kòkòrò taifọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Èròjà tí ara fi ń bá kòkòrò náà jà ló ń wá nínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà yìí lè wà lára ẹni tó ti ní taifọ́ọ̀dù rí, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, tàbí ẹni tí kòkòrò mìíràn tó fara jọ ọ́ ti wọ̀ lára. Nílùú tí kòkòrò náà ti wọ́pọ̀, Widal lè mú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ara wọn dá ṣáṣá. Taifọ́ọ̀dù gan-an sì jẹ́ àìsàn ibà tó ń dáni dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kì í ṣe ohun tó ń mú inú wú láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó ń tìtorí ìwé yìí gba abẹ́rẹ́ apakòkòrò léraléra ń náwó, ó sì ń pa àwọn kòkòrò tó ń ṣe ìfun lóore mọ́ èyí tí kò sí níbẹ̀.

Kí ohun tó bàjẹ́ tó lè yéni, ó yẹ ká mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nígbà tó dára. Gáréèjì fúnra rẹ̀ fi í hàn dáadáa. Èrò lè ya wọlé wìtìwìtì láàárọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í jáde bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ló ń tú wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, torí bí gbogbo wọn bá jáde pọ̀, títì yóò dí. Àpòlúkù ni gáréèjì náà. Bí oúnjẹ bá ti ń wọlé, òkè rẹ̀ á dẹ̀, á fẹ̀, kí oúnjẹ lè ríbi dúró sí láìjẹ́ pé inú le. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ á máa lọ oúnjẹ mọ́ omi kíkan títí yóò fi máa ṣàn. Ẹnu ọ̀nà tóóró kan á wá máa jọ̀wọ́ rẹ̀ sínú ìfun kékeré, díẹ̀díẹ̀. Oúnjẹ kan lè gbà tó wákàtí méjì sí mẹ́rin kó tó kúrò níbẹ̀ tán, èyí tó lọ́ràá sì ń pẹ́ ju èyí tí kò lọ́ràá lọ.

Ìfun kékeré gùn tó mítà 6. Ibẹ̀ ni oje òróòro láti ẹ̀dọ̀, àti oje láti ẹ̀yà ara kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn àpòlúkù, ti ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè gbà á. Ohun tí ẹ̀jẹ̀ kò gbà ń bọ́ sínú ìfun ńlá, tó gùn tó mítà kan àbọ̀ péré ṣùgbọ́n tó lè dá ẹrù dúró fún ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀, omi ń padà sínú ara, àìmọye kòkòrò tí ojú kò rí sì ń jẹ ohun tó ṣẹ́ kù. Bí wọ́n ti ń jẹ ni wọ́n ń tú afẹ́fẹ́ jáde.

Nígbà tí ọ̀nà bá ti ṣófo, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 90 sí 120 síra wọn, ìgbì ìsúnkì kan máa ń gbéra láti àpòlúkù, á rìn gba ìfun kékeré kọjá, á máa gbá ìyókù oúnjẹ àti kòkòrò lọ sísàlẹ̀. Ìgbì agbálẹ̀ ni orúkọ tó bá a mu. Ó wà lára ohun tó ń mú kí inú ẹni tí ebi ń pa máa kùn. Oúnjẹ tó bá wọlé ló ń dá a dúró, nítorí náà ẹni tó ń fi ẹ̀pà, bísíkíìtì àti mínírà panu láti àárọ̀ dé alẹ́ kì í fún agbálẹ̀ láyè.

Ta ló ń pàṣẹ fún gbogbo wọn? Lára ògiri ọ̀nà oúnjẹ, láti ọ̀fun dé ìdí, ni ẹ̀yà iṣan ìmọ̀lára tó lé ní 100 mílíọ̀nù wà, wọ́n sì lè darí iṣẹ́ ìfun láìdúró de àṣẹ láti orí. Michael Gershon ti Yunifásítì Columbia ní New York pè wọ́n ní ọpọlọ kejì nínú ìwé tó gbé jáde ní 1998. Iṣan gígùn kan so ọpọlọ ti orí mọ́ ti inú. Ìròyìn ń gbà á lọ, ó ń gbà á bọ̀, èyí tó ń gòkè sì pọ̀ ju èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tí a ti fojú rí àjọṣe yìí. Ní 1822, ìbọn ba ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Alexis St. Martin ní erékùṣù Mackinac ní Amẹ́ríkà, ihò tó dá sí àpòlúkù rẹ̀ kò sì dí mọ́. Dókítà William Beaumont ń gba ihò náà wo bí oúnjẹ ṣe ń dà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1833 pé bí inú bá bí ọkùnrin náà, ìṣesí àpòlúkù rẹ̀ ń yí padà.

Ibí ni ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Púpọ̀ nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe fún inú ń wo ìrísí. Wọn kì í wo ìṣesí. Ẹni tó bá ya fọ́tò gáréèjì lè rí i pé ògiri kò ya, pé òrùlé kò ṣí, pé ilẹ̀ mọ́. Fọ́tò kò lè sọ fún un pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà kò tú ọkọ̀ sílẹ̀ láti àárọ̀, tàbí pé ó ń tú wọn sílẹ̀ ní ìtúkútùú. Àìsàn tó yí ara inú padà, bí ọgbẹ́, òkúta inú àpò òróòro tàbí jẹjẹrẹ, ni a lè pè ní àìsàn ìrísí. Èyí tí ara inú kò yí padà ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ ségesège ni àìsàn ìṣesí. Lára ẹni tó ń jẹ̀rora, ìrora ni méjèèjì.

Àyẹ̀wò ìrísí pàápàá ní ibi tó mọ. Sikáànì ń fi ẹ̀dọ̀, àpò òróòro àti kíndìnrín hàn dáadáa, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń ríran kì í la afẹ́fẹ́ kọjá, afẹ́fẹ́ sì wà nínú ìfun. Ẹ̀rọ awonú, ìyẹn okùn tẹ́ẹ́rẹ́ olójú kámẹ́rà tí àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi ti Yunifásítì Ìlọrin ń tì gba ọ̀fun, ń wo ọ̀nà ọ̀fun, àpòlúkù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré. Èyí tí wọ́n ń tì gba ìdí ń wo ìfun ńlá. Ọ̀pọ̀ mítà ìfun kékeré tó wà láàárín ni ojú méjèèjì kì í dé. Ìwé tó ní kò sí nǹkan ń sọ pé kò sí nǹkan níbi tí òun wò, ó sì yẹ kí ẹni tó fi í lé aláìsàn lọ́wọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Kí dókítà tó pe àìsàn ní ti ìṣesí, àwọn nǹkan kan wà tó ń sá pamọ́ tó yẹ kó wá. Ọ̀kan ni Helicobacter pylori, kòkòrò tó ń gbé nínú àpòlúkù láìka omi kíkan sí. Tẹ́lẹ̀, àwọn dókítà gbà pé ìdààmú ọkàn àti omi kíkan tó pọ̀ jù nìkan ló ń fa ọgbẹ́ inú. Robin Warren àti Barry Marshall ní ìlú Perth, Ọsirélíà, ló tú àṣírí kòkòrò náà. Ní 1982 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i mú hù nínú yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tí ọ̀pọ̀ kò gbà wọ́n gbọ́, Marshall gbé kòkòrò náà mu ní 1984, àìsàn inú sì kọlù ú. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ yìí ní 2005.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí kò rí bó ṣe rí ní Ọsirélíà. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbàlagbà, láti kékeré ni wọ́n sì ti kó o, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú wọn kò ní ọgbẹ́ inú láyé wọn. Dókítà C. Holcombe, tó ti ṣiṣẹ́ ní Màídúgùrì, pe èyí ní àdììtú Áfíríkà nínú ìwé ìròyìn Gut ní 1992. Ohun tó túmọ̀ sí fún ẹni tí inú ń run ni pé rírí kòkòrò náà kò tíì fi hàn pé òun ló ń run ún nínú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ lè máa mú un fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ti ìgbẹ́ àti ti èémí ló sàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lo oògùn omi kíkan bí omeprazole ní láti dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹni tó lo oògùn apakòkòrò sì ní láti dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí àyẹ̀wò má bàa parọ́. Bí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, àpapọ̀ oògùn fún ọjọ́ 14 ni, a kì í fi í sílẹ̀ lágbedeméjì.

Òmíràn sún mọ́ àwo oúnjẹ Ìlọrin gan-an: mílíìkì. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí ìfun kò lè gbà bó ṣe wà. Oje kan tó ń jẹ́ lactase ló ń gé e sí méjì. Ọmọ ọwọ́ ní oje yìí dáadáa, torí ọmú ni oúnjẹ rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn láyé, oje náà ń dín kù bí ọmọ ti ń dàgbà. Ṣúgà tí kò rí oje gé e á kọjá sínú ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, kòkòrò á bò ó, afẹ́fẹ́ á gba inú kan. Láàárín wákàtí díẹ̀ inú á wú, á máa kùn, ìgbọ̀nsẹ̀ á ṣàn. Kò sí ọgbẹ́, kò sí àrùn nínú ẹ̀jẹ̀, kò sì sí ohun tí awonú lè rí.

Ní 1971, Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé ní Yunifásítì Èkó tó padà di mínísítà ètò ìlera Nàìjíríà ní 1985, àti Norman Kretchmer láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n fún àwọn ènìyàn láti ẹ̀yà oríṣìíríṣìí ní Nàìjíríà ní ṣúgà mílíìkì mu, wọ́n wá wo bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe gòkè tó. Láàárín Yorùbá àti Ìgbò tó ti kúrò ní ọmọ ọwọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n tó rí ẹni tó gé e. Láàárín Fúlàní darandaran, púpọ̀ ló gé e. Ìran tó ti ń mu mílíìkì màlúù láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti jogún oje tí kì í gbẹ.

Yorùbá àti Fúlàní ti jọ ń gbé Ìlọrin tipẹ́, wọ́n sì ti fẹ́ra wọn, nítorí náà ife mílíìkì kan náà lè tu ẹnì kan lára nínú ilé kó sì da ẹnì kejì láàmú. Oúnjẹ ìlú ti wá ọ̀nà tirẹ̀ gbà ṣáájú kí Lancet tó sọ ọ́. Àwọn obìnrin Fúlàní tó ń ṣe wàrà ń fi omi ewé bòmubòmu mú kí mílíìkì dì. Omi rẹ̀ á yà sọ́tọ̀, púpọ̀ nínú ṣúgà á sì bá omi náà lọ. Nínú nónò tí wọ́n ń po mọ́ fúrá, àwọn kòkòrò tó mú un kan ti jẹ lára ṣúgà náà. Ẹni tí tíì onímílíìkì ń dà láàmú lè jẹ wàrà tí wọ́n sẹ́ omi rẹ̀ dáadáa kí nǹkan kan má ṣe é. Ẹni tó bá fura sí ara rẹ̀ lè fi mílíìkì sílẹ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì, títí kan èyí tó wà nínú tíì, kọ́sítádì àti ẹ̀kọ mímu, kó wá padà sí i kó máa wo ara rẹ̀. Owó kankan kò bá a lọ.

Oògùn ara ríro náà ń sá pamọ́. Dírẹ́bà tí ẹ̀yìn ń ro, tó ń lo aspirin oníyẹ̀fun, ibuprofen tàbí diclofenac lójoojúmọ́, ń bó ohun tó bo ògiri àpòlúkù rẹ̀ kúrò; àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ mọ̀ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi máa jò. Páragà tí ọtí líle wà nínú rẹ̀ ń dá kún un. Oògùn wọ̀nyí kì í wọ ìtàn tí aláìsàn ń sọ àfi tí dókítà bá bi í, torí kò kà wọ́n sí oògùn. Giardia, kòkòrò inú omi tí kò mọ́, lè mú inú wú kó sì mú ìgbẹ́ máa lọ́ràá fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè fo ó, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ló dára. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára lè ba iṣan tó ń darí àpòlúkù jẹ́. Ikọ́ ẹ̀gbẹ náà lè wọ inú ikùn.

Bí a bá wá gbogbo ìwọ̀nyí tì, ọ̀rọ̀ kan àìsàn ìṣesí. Kì í ṣe orúkọ tí dókítà fi ń bo àìmọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní àmì tirẹ̀, tí àwọn onímọ̀ tó kọ́kọ́ pàdé ní Róòmù ń tún ṣe látìgbàdégbà. Nínú ẹ̀dà kẹrin tó jáde ní 2016, ìfun aláìfarabalẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní IBS, ni inú rírun tó ń wáyé ó kéré tán lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, tó ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, tó sì ní ó kéré tán méjì nínú mẹ́ta yìí: ó ń lọ tàbí ó ń le sí i bí ènìyàn bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ó ń wá pẹ̀lú ìyípadà nínú iye ìgbà tí ènìyàn ń ṣe é, tàbí pẹ̀lú ìyípadà nínú bí ìgbẹ́ ṣe rí. Àìrọgbọ àpòlúkù ni ti òkè: inú tó tètè kún, oókan àyà tó ń ta, nígbà tí awonú kò rí ọgbẹ́. Nígbà tí àwọn dókítà ní Jọ̀ọ́s bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì léèrè, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005, bí ìdámẹ́rin wọn ló ní àmì IBS. Àìsàn òyìnbó nìkan kọ́.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí irú inú bẹ́ẹ̀? Ní 1973, James Ritchie, olùwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ bàlúùnù kékeré kan sínú ìfun ńlá àwọn tó ní IBS àti àwọn tí kò ní. Ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí púpọ̀ nínú àwọn tí ara wọn dá kò kà sí ìrora ló ń dun ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ní IBS. Ìfun wọn kò ya. Iṣan tó ń gbé ìròyìn ló ń gbé ohun kékeré lọ sí ọpọlọ bí ohun ńlá. Àrùn tó ti lọ lè fi irú iṣan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2000, ìdọ̀tí màlúù wọ omi ẹ̀rọ ìlú Walkerton ní Kánádà. Ó lé ní 2,300 ènìyàn tí àìsàn dà láàmú, 7 sì kú. Lẹ́yìn ọdún méjì sí mẹ́ta, ó lé ní ìdámẹ́ta àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru náà mú gidi tó ní IBS, nígbà tó jẹ́ bí ìdámẹ́wàá láàárín àwọn tí kò ṣe. Kòkòrò ti lọ, àyẹ̀wò kò lè rí i mọ́, ìfun ṣì ń rántí.

Ìtàn ni àyẹ̀wò tó níye lórí jù fún irú àìsàn yìí, ìwé kékeré kan tó. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí aláìsàn kọ ohun tó jẹ àti àkókò tó jẹ ẹ́, ìgbà tí inú run, bí ìgbẹ́ ṣe rí, oorun, gbogbo oògùn àti agbo, àti nǹkan oṣù bó bá jẹ́ obìnrin. Inú tó ń run lọ́gànjọ́ tí oúnjẹ sì ń mú kó rọlẹ̀ ń tọ́ka sí ọgbẹ́. Èyí tó ń dé lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, lábẹ́ ìhà ọ̀tún, ń tọ́ka sí àpò òróòro. Èyí tó ń dínkù lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ ń tọ́ka sí ìfun ńlá.

Àwọn àmì kan kò fàyè gba ìwé kíkọ, àfi ká gbọ̀nà ọsibítù: ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ìgbẹ́ tó dúdú kirikiri, èébì ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ tó ń há lọ́fun, ara tó ń rù láìnídìí, ibà tí kò lọ, ojú tó pọ́n bí ìyeyè, ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀, kókó nínú ikùn. Bẹ́ẹ̀ ni fún ẹni tó ti kọjá ọdún 45 kí inú tó bẹ̀rẹ̀ sí í run ún, tàbí tí jẹjẹrẹ ìfun wà nínú ìdílé rẹ̀. Irú wọn ni awonú wà fún ní kíá.

Fún àwọn yòókù, ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Bí ènìyàn bá fi ata, ẹ̀wà àti mílíìkì sílẹ̀ lọ́jọ́ kan náà tó tún ń mu agbo, bí ara bá yá, kò ní mọ èwo ló ṣe é. Ẹ̀wà ní ṣúgà kan tí ènìyàn kankan kò ní oje tó ń gé e. Rírẹ ẹ, dída omi rẹ̀ nù àti bíbó èèpo rẹ̀ ń dín ṣúgà náà kù, ìdí tí mọ́ínmọ́ín àti gbẹ̀gìrì fi ń rọ àwọn kan lọ́rùn ju ẹ̀wà odindi lọ. Àlùbọ́sà àti búrẹ́dì náà ní irú ṣúgà bẹ́ẹ̀. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Monash ní Ọsirélíà ló ṣètò ọ̀nà oúnjẹ tó ń yẹra fún wọn, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà a ó máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Oògùn wà bí oúnjẹ kò bá tó. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jáde ní 2023 fi hàn pé amitriptyline ní ìwọ̀n kékeré gan-an, tí àwọn dókítà agbègbè ń fún àwọn tó ní IBS, ń dín àmì rẹ̀ kù. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, ìyẹn sì ń ba ọ̀pọ̀ lẹ́rù, ṣùgbọ́n iṣan ìmọ̀lára inú ni wọ́n torí rẹ̀ fún aláìsàn níhìn-ín, kó lè dín ariwo tó ń gbé lọ sí ọpọlọ kù. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ìyàtọ̀ tó hàn. Ní gbogbo àkókò yìí, kò sí èrè nínú kí ẹni tí ara rẹ̀ kò rù, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lọ sílẹ̀, máa tún sikáànì àti Widal kan náà ṣe lóṣooṣù. Àyẹ̀wò tuntun yẹ nígbà tí àmì tuntun bá yọ, tàbí tí inú tó ti ń rọlẹ̀ bá yí ìwà padà.